Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ajá mi lágbára gan-an àmọ́ èémí ẹ̀ kì í pẹ́ tán

Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá tó ń sáré. Yorkshire ní ilẹ̀ England níbí ni mo wà, lurcher (ajá ọdẹ àdàlù) ni tèmi, bàbá ẹ̀ jẹ́ greyhound, ìyẹn ajá tó ń sáré gan-an, ìyá ẹ̀ bull terrier, ìyẹn ajá tó ki pọ́pọ́, ó ti pé ọdún mẹ́ta, ó wọn 30 kílò. Àyà ẹ̀ fẹ̀, itan ẹ̀ le, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já sí eré ẹ ò ní rẹ́ni bá a, ṣùgbọ́n kó tó dé ìdajì pápá ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ehoro á sì ti wọ ihò lọ (ehoro inú ihò nìkan la máa ń lé, ẹni tó ni oko sì mọ̀ sí i, torí òfin ọdẹ ti ọdún 2004 níbí ò fàyè gba ká fi ajá lé hare, ìyẹn ehoro ńlá orí pápá tí kì í gbé inú ihò).

Dókítà ẹranko ti yẹ ọkàn ẹ̀ wò, kò sí wàhálà. Láràárọ̀ la máa ń rìn jìnnà, mo sì ń jẹ́ kó sá gun òkè. Ṣé kí n dín ìwọ̀n ẹ̀ kù ni àbí kí n máa mú un lọ lúwẹ̀ẹ́? Ẹnì kan ní kí n so ẹrù wúwo mọ́ ọn, ọkàn mi ò gbà á rárá, oríkèé ejìká ẹ̀ ni mò ń rò. Ẹ̀rù sì ń bà mí torí ajá tí wọ́n bá lé kọjá agbára nínú ooru, iṣan ẹ̀ lè bàjẹ́ débi tó máa kó bá kíndìnrín.

Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mélòó lẹ fi ń jẹ́ kí tiyín sinmi lẹ́yìn eré tó le, kí lẹ sì ń fún un jẹ?