Ahoro tí a lọ yà ní fọ́tò lẹ́yìn odi: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Oyèmẹ́kùn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Mo gba Igbókòdá bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, mo tún rí iléeṣẹ́ Oluwa Glass bí igbó ṣe ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mo ya fọ́tò bíi mélòó kan, mo bá tèmi lọ. Ó wá wù mí kí n bi yín: nínú ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé kámẹ́rà wọ mọ́tò, ta ló ti ya ahoro dé ìlú òkèèrè? Mi ò bi àwọn tó wo àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì o. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀ ni kó fọhùn.

Ọmọ Àrákàlẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ibi tó ń yún mi gan-an lẹ họ yẹn.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe mẹkáníìkì lọ́nà Ọ̀bà-Ilé la jọ gbéra. Mọ́tò rẹ̀ la gbé. Láti Àkúrẹ́, a gba Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ já sí Èkó, a sùn ní Àgbádárìgì, a sì dé Sẹ̀mẹ̀ ní kùtùkùtù. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ti ojú ọ̀nà ẹnubodè yẹn. Ẹnì kan á wo ìwé, òmíràn á wo ojú yín, òmíràn á wo àpò. Sùúrù la fi kọjá.

Bí ẹ bá ti wọ orílẹ̀-èdè Benin, ẹ óò máa rí bẹntiróòlù nínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì. Kpayo ni wọ́n ń pè é, ilé wa ló sì ti ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi ò rà á, ó ní ẹ́ńjìnì òun kì í ṣe àgbá ìdọ̀tí.

A yà sí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Ẹni tó bá mọ ilé Àgùdà ní Èkó á mọ ohun tí mò ń wí: fèrèsé tó rí roboto lókè, òdòdó símẹ́ńtì lára ògiri. Àwọn tó ti Brazil padà wálé àti àwọn ọmọ wọn ló kọ́ wọn. Mọ́sáláṣí ńlá àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1912, bí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀ ẹ óò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, torí irú èyí tó wà ní Bahia ni wọ́n wò kọ́ ọ. Àwọn ilé àdúgbò ló ń wó. Òrùlé ti jìn, igi ti hù láàárín pálọ̀. Ilé ẹbí ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí ọmọ bàbá kan bá wà ní Cotonou, tí òmíràn wà ní Faransé, tí ẹnìkẹta ní òun ò ní fọwọ́ sí i kí wọ́n tà á, òjò ni yóò parí ẹjọ́ yẹn.

Mo gbé kámẹ́rà sójú níwájú ọ̀kan. Ohùn kan dún látinú ilé: “Ta nìyẹn? Kí lẹ ń wá?” Yorùbá pọ́ńbélé! Ilé tí mo rò pé eku nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Màmá arúgbó kan ló jáde, ó ró ìró mọ́ àyà, ó gbé abọ́ gààrí dání. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ẹ kúulé o, Màmá. Àkúrẹ́ la ti wá, fọ́tò la ń yà.” Ó wò mí tòkè-tilẹ̀. “Láti Àkúrẹ́? Ẹ wá ya ilé tó ń jò?”

Ó ní yàrá ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni kò tíì jò, ibẹ̀ lòun ń sùn sí, àwọn àbúrò òun ló ní kóun máa ṣọ́ ọ kí àjèjì má baà gbà á. Òun ló mú wa wọlé. Òun ló fi hàn wá pé àtẹ̀gùn pákó ti jẹrà láàárín, pé ẹ̀gbẹ́ ògiri nìkan lèèyàn lè gbé ẹsẹ̀ lé. Ó ní kí n má ya òun o, kí n ya fèrèsé. Fèrèsé náà ni mo yà, pẹ̀lú abọ́ gààrí tó gbé kalẹ̀ sójú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo yà lójú ọ̀nà yẹn, òun ni mo tẹ̀ jáde tí mo gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ní Lomé, ibi tí mo ti ń ro tipẹ́ ni ilé àwọn gómìnà tí àwọn Jámánì parí ní 1905. Ó wà láhoro fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n láti 2019 wọ́n ti tún un ṣe, ó ti di ibi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn iṣẹ́ ọnà. Ó dáa fún wọn. Èmi tí mò ń wá ògiri tó sán, a wò ó, a jáde.

Kamina ló gbé mi kúrò nílé ní tòótọ́. Nígbà tí Togo ṣì wà lọ́wọ́ Jámánì, ní 1911, iléeṣẹ́ Telefunken bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibùdó wáyálẹ́ẹ̀sì kan sí tòsí Atakpamé. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa ti Nauen, lẹ́bàá Berlin, já tààrà sí Áfíríkà, kó má gba inú wáyà abẹ́ òkun tó wà níkàáwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Òpó irin mẹ́sàn-án ni wọ́n nà ró, mẹ́fà nínú wọn ga tó mítà 120. Oṣù Kẹfà 1914 ni wọ́n parí ẹ̀. Oṣù Kẹjọ, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé. Gẹ̀ẹ́sì ti Gold Coast (Ghana òde òní) wọlé, Faransé ti Dahomey (Benin òde òní) wọlé. Alhaji Grunshi, sójà Gold Coast Regiment, ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó yìnbọn nínú ogun yẹn nínú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Togo níbẹ̀ ló sì ti yìn ín. Nígbà tí àwọn Jámánì rí i pé kò sọ́nà àbáyọ, òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 ni wọ́n fọwọ́ ara wọn wó àwọn òpó náà, tí wọ́n sì fọ́ àwọn ẹ̀rọ. Ibi tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta kọ́!

Láti Lomé a kọjá ní Notsé, a kọjá ní Wahala níbi tí ibojì àwọn tó kú sí ìjà etí odò Khra nínú ogun yẹn náà wà. Ọ̀rẹ́ mi kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. (Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, kì í bá òkú ṣeré.)

Ní Kamina, ẹni tó bá ń retí ilé alájà á bínú. Ìpìlẹ̀ kọ̀ǹkéré ló kù, tó ki bí àyà erin, àti àwọn irin ńláńlá tó ti dípẹtà láàárín koríko. Ọ̀sán gangan kò dáa fún un, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ máa ń ṣú bákan náà nínú fọ́tò. A dúró di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ìpẹtà yẹn wá pọ́n yòò, gbogbo ojú ìdè àti nọ́ọ̀tì ara irin fara hàn. Ibẹ̀ ni mo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bàbá kan jókòó tì wá ní gbogbo àkókò yẹn. Àwọn Ifẹ̀ ni wọ́n wà ní Atakpamé, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ti ṣí wá, èdè wọn sì sún mọ́ tiwa. Bàbá ń sọ tiẹ̀, èmi ń sọ Yorùbá pọ̀ mọ́ Àkúrẹ́, à ń gbọ́ra wa dé ìdajì, ọwọ́ ń bá wa parí ìyókù. Ó ní bàbá tó bí bàbá òun wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ ru irin náà. Ó wá bi mí ní ohun tí mi ò lè dáhùn: ibi tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún ńkọ́, ṣé wọ́n wó tiwọn náà?

Ẹni tó bá mọ Nauen, ẹ bá mi dá bàbá yìí lóhùn.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀

Ẹ̀yin ọmọ yìí, owó wà lọ́wọ́ yín. Òkè Ìdànrè wà níbí. Ààfin àtijọ́ wà lókè, kóòtù wà lókè, ilé ẹ̀kọ́ 1896 wà lókè. Ẹ ò gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600, ẹ ń lọ jó epo dé Togo.

Ọmọ Àrákàlẹ̀

Màmá, ẹ má bínú, a ti yà á. Orúnkún ọ̀rẹ́ mi ni kò gbà pé kí a padà lọ.

Ọmọ Ekimogun

Ìsìnkú ló gbé mi wálé Oǹdó, Jámánì ni mo ń gbé. Ẹ̀gbọ́n Àrákàlẹ̀, ẹ bá mi sọ fún bàbá yẹn pé wọn ò wó tiwọn. Láti 1906 ni Nauen ti wà, ilé ńlá tí Hermann Muthesius ya àwòrán rẹ̀ ṣì dúró digbí, ìgbì rédíò ṣì ń jáde níbẹ̀. Ẹ̀yìn wáyà ọgbà ni mo ti yà á.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo wa mọ́tò lọ Beelitz. (Kò sí màmá onígààrí nínú ìtàn tèmi.) Ilé ìwòsàn àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1898, nǹkan bí 60 ilé nínú igbó. Hitler gba ìtọ́jú níbẹ̀ ní 1916 nígbà tó ṣì jẹ́ sójà lásán. Lẹ́yìn ogun kejì, àwọn sójà Soviet sọ ọ́ di ọsibítù tiwọn títí di 1994. Ní báyìí, tíkẹ́ẹ̀tì lẹ máa rà. Láti 2015 afárá kan wà tó gba orí igi kọjá, ẹ óò máa wo ahoro láti òkè, igi ti hù lórí òrùlé. Ó mọ́ jù fún mi, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fo ọgbà níbikíbi lọ́hùn-ún o. Òfin ò bèèrè bóyá ilé ṣófo. Ẹni tó wọlé onílé láìgbàṣẹ ti dẹ́ṣẹ̀. Níbì kan tí n kò ní dárúkọ, ẹ̀ṣọ́ yẹ tíkẹ́ẹ̀tì tèmi wò lẹ́ẹ̀mejì, kò yẹ ti àwọn òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ óò fi ìyẹn kún ohun tí ẹ ń gbé dání.

Wünsdorf ló mú mi lọ́kàn jù. Olú ibùdó sójà Soviet ní Jámánì ni tẹ́lẹ̀, ère Lenin ṣì wà níwájú ilé àwọn ọ́físà. Ṣùgbọ́n ṣáájú wọn, nígbà ogun àkọ́kọ́, àgọ́ kan wà ní àdúgbò yẹn fún àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n mú lójú ogun, látinú ọmọ ogun Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà. Wọ́n kọ́ mọ́sáláṣí fún wọn ní 1915, pákó ni, òun sì ni àkọ́kọ́ nílẹ̀ Jámánì. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ya ilẹ̀ àdúgbò náà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ní koríko ni mo fi epo jó lọ yà.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn o. Ìwé wo ni mọ́tò máa nílò láti Sẹ̀mẹ̀ dé Togo? Ṣé mo lè gbé dúróònù?

Ọmọ Àrákàlẹ̀

Àbúrò, pásípọ́ọ̀tù tí kò tíì kú, káàdì yẹ́lò fún abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ìwé mọ́tò lórúkọ ẹni tó ń wà á tàbí lẹ́tà àṣẹ látọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, àti káàdì búráùn ti ECOWAS, ìyẹn ìńṣọ́ránsì. Ní ẹnubodè wọ́n á tún fún mọ́tò ní ìwé ìwọlé, ẹ tọ́jú ẹ̀, torí wọ́n á bèèrè ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń padà. Dúróònù, fi sílé. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni ní Faransé. Ọ̀rẹ́ mi mẹkáníìkì ń bèèrè mọ́tò wo lo fẹ́ gbé. Ó ní tó bá jẹ́ ti bàbá ẹ, kọ́kọ́ lọ sọ fún wọn.