Ṣé aṣọ òkè Ìlọrin gbọ́dọ̀ san owó ibodè tó bá ń lọ sí Accra?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àwa ahunṣọ kan n'Ílọrin ń kó aṣọ òkè lọ sí Accra. Láti 1979 ni ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ní ètò pé iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa kò ní san owó ibodè, kò sì nílò ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá. Síbẹ̀, àwọn aṣọ́bodè dá ẹrù wa dúró: wọ́n ní òwú ilé iṣẹ́ la fi hun ún. Ó dùn mí gan-an. Ẹsẹ̀ la fi ń tẹ òfì, ọwọ́ la fi ń ju ọkọ̀ tó ń gbé òwú kọjá!

Ẹ jọ̀ọ́, tá a bá wá fi ẹ̀rọ oníná rán an di àpò ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ṣì ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó irú ẹ̀ kọjá, ìwé wo lẹ fi hàn wọ́n?