"Ilé ọta" kò lè jẹ́ orúkọ nǹkan méjì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Nínú ìlànà ìtọ́jú ìbọn ìléwọ́ tí a ń túmọ̀, ẹ fi "ilé ọta" pe màgásíìnì, ìyẹn àpótí tí a ń to ọta sí tó ń wọ inú èèkù ìbọn, ẹ sì tún fi pe ihò ìdí ọ̀pá ìbọn, níbi tí ọta ń jókòó sí kó tó ró. N kò fara mọ́ ọn rárá. Ọ̀rọ̀ yìí lè pa ènìyàn.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. A kọ́kọ́ yọ màgásíìnì. Lẹ́yìn náà la fa asúnbọ̀, irin orí ìbọn tó ń sún sẹ́yìn tó sì ń padà bọ̀, kí ọta tó wà ní ihò lè fò jáde. A dá a dúró sẹ́yìn, a wo ihò náà, a tún fi ìka kan bọ̀ ọ́. Bí ẹnì kan bá fa asúnbọ̀ kó tó yọ màgásíìnì, ọta kan á jáde, òmíràn á rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni yẹn á wá yọ màgásíìnì, á ní "ilé ọta ti ṣófo". Irú ìbọn Glock, a kì í tú u láìkọ́kọ́ fi ìka fa ohun tó ń mú un ró. Ibẹ̀ ni yóò ti ró mọ́ ẹni tó ń tú u lọ́wọ́.

Àbá mi: kí màgásíìnì máa jẹ́ àpò ọta, kí ihò ìdí ọ̀pá sì máa jẹ́ ọ̀fun ìbọn. A ti ní ẹnu ìbọn àti ìdí ìbọn tẹ́lẹ̀, ọ̀fun kò ṣàjèjì láàárín wọn. Ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ, ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹtù àti ọta sí i. Kò ní àpò, ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa kò fi nílò orúkọ méjì. "Yàrá ọta" tí ẹnì kan dá lábàá, Gẹ̀ẹ́sì ("chamber") ló wọ agbádá. Ṣebí inú ilé náà ni yàrá wà?

Ẹ má tún pe ohun tí ìka ń fà ní apátí. Lójú tèmi, apátí ni irin ẹ̀yìn tó ń dìde, tó sì ń já lulẹ̀ láti gbá abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta. Ó hàn kedere lẹ́yìn ìbọn ìléwọ́ Colt 1911. Glock kò ní in, abẹ́rẹ́ tí sípíríńgì ń tì nínú ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òwe wa sì ti rí i tẹ́lẹ̀: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?" Ohun tí ìka ń fà, ẹ jẹ́ ká pè é ní amúbọnró.

Òfin ohun ìjà ọdún 1959 kò jẹ́ kí ará ìlú ní ìbọn ìléwọ́ láìgba àṣẹ Ààrẹ, nítorí náà ọlọ́pàá àti ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ ni yóò lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jù.

Ó ku gbólóhùn kan: "fi òróró pa á dáadáa." Kíkán là ń kán òróró ìbọn, a kì í fi pa á bí ẹni ń para. Bó bá pọ̀, á kó eruku àti èéfín ẹtù jọ, asúnbọ̀ kò ní padà dé àyè rẹ̀ tán. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Fi búrọ́ọ̀ṣì nu ọ̀pá ìbọn láti ọ̀fun lọ sí ẹnu, kí o sì kán òróró díẹ̀ sí ojú ọ̀nà asúnbọ̀."