Ìyàwó sójà ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí, Jámánì ti gba ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Báwo ni mo ṣe máa rí iṣẹ́ padà?

Ìyá Ìbejì Kétu

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Kétu ni mo wà báyìí nílé bàbá mi, èmi àtàwọn ìbejì, ọkọ mi ti ṣáájú lọ sí Fort Carson ní Kólórádò tí wọ́n gbé e lọ, àwa náà máa bá a lóṣù tó ń bọ̀. Kútọ̀nù ni mo ti kọ́ iṣẹ́ infirmière, ní iléèwé INMeS, kí lọ́tìrì visa tó mú ọkọ mi. A dé Texas, ó wọ iṣẹ́ sójà, èmi jókòó ti ìwé, wọ́n yẹ diplọ́ọ̀mù mi wò, mo ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì (ẹni tó fi Faransé kàwé láti kékeré, ẹ̀yin náà ẹ wo bó ṣe máa rí), mo ṣe NCLEX, ìdánwò láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà, mo yege, mo gba láísẹ́ǹsì RN (nọ́ọ̀sì kíkún) ti Texas, èyí tí wọ́n ń pè ní multistate, tó ṣeé lò ní ìpínlẹ̀ púpọ̀. Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ni wọ́n bá ní ká máa lọ Jámánì.

Ní Jámánì, ọsibítù àwọn ará ibẹ̀ ò lè gbà mí láìgbọ́ èdè wọn dé ìpele B2, tàwọn sójà náà, ààyè nọ́ọ̀sì ò yọ. Ohun tí mo rí ni kí n máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà kílíníkì sójà, kí n máa gba orúkọ aláìsàn. Iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ni ṣá, mo sì ṣe é ju ọdún kan ààbọ̀ lọ. Láísẹ́ǹsì mi ṣì wà láàyè, mi ò jẹ́ kó kú. Àmọ́ obìnrin kan tá a jọ wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ọdún mẹ́ta láìfọwọ́ kan aláìsàn, kò sẹ́ni tó máa wo ìwé mi lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò sùn dáadáa látọjọ́ yẹn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Àjàṣẹ́ Denver

Ẹ kú àárọ̀ ìyá ìbejì. Tẹ́ ẹ bá ti dé, ẹ sáré gba láísẹ́ǹsì Kólórádò. Ọjọ́ 60 ni wọ́n fún ẹni tó bá kó dé ìpínlẹ̀ míì tó wà nínú compact, àdéhùn àwọn ìpínlẹ̀ tó ń gba láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì ara wọn. Ìyàwó mi fi ṣeré, ojú ẹ̀ rí tó.

Tántì El Paso

Àbúrò Denver, ẹ rọra. Ọjọ́ 60 yẹn wà lóòótọ́, January 2024 ló bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó sójà kọ́ ni ìyàwó yín. Òfin compact yẹn fún ìyàwó sójà láyè kó di ìpínlẹ̀ tó ń pè ní ilé rẹ̀ mú níwọ̀n ìgbà tí ọkọ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Texas wà nínú compact, Kólórádò wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé láísẹ́ǹsì Texas tó wà lọ́wọ́ ẹ, àbúrò mi, o lè fi ṣiṣẹ́ ní Kólórádò lọ́jọ́ tó o bá balẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí Texas jẹ́ ilé ẹ lójú ìwé lóòótọ́: láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ẹ, ibi tó o ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò tó o bá ti di ọmọ ibẹ̀, ìwé owó orí ìjọba àpapọ̀. Tó o bá lọ pààrọ̀ láísẹ́ǹsì ọkọ̀ sí ti Kólórádò torí pé ẹnì kan ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀, o ti fọwọ́ ara ẹ da nǹkan rú nìyẹn. Mo ti rí i lójú ẹni méjì.

Lọ sí Nursys, ìkànnì tí wọ́n ti ń yẹ láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì wò, ọ̀fẹ́ ni, kọ orúkọ ẹ, wò ó bóyá multistate ló ṣì kọ síbẹ̀. Ṣe é lónìí, kó tó di pé o wọ bàálù.

Ní ti iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà tó ò ń fojú kéré yẹn, òun gan-an ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ. Ará ilé sójà tó bá ti ṣe ọ̀sẹ̀ 52 nínú iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà nílẹ̀ òkèèrè, tó bá padà sílé, ọdún mẹ́ta ló ní tí ọ́fíìsì ìjọba fi lè gbà á láìjẹ́ pé ó bá gbogbo ayé du ipò náà. Àmọ́ ó ní irú owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi sanwó fún ẹ, ìyẹn owó inú ìṣúná ìjọba (appropriated fund), torí iṣẹ́ kan wà ní bárékè tó dà bíi ti ìjọba tí kò sí lábẹ́ ẹ̀. Ìwé tó máa fi í hàn ni SF-50, ìwé ìgbanisíṣẹ́ ìjọba. Wá a! Evans ló jẹ́ ọsibítù sójà Fort Carson, VA ńlá, ọsibítù àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, sì wà ní Aurora, àwọn yẹn ń gba láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ èyíkéyìí. Fi USAJOBS, ibi tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́ ìjọba, sórí fóònù ẹ.

Owó náà wà o. Tí wíwá láísẹ́ǹsì tuntun bá ná ẹ lówó torí pé wọ́n gbé ọkọ ẹ kúrò, iṣẹ́ ológun lè dá a padà tó $1,000. Káàdì BLS, ti ìtọ́jú pàjáwìrì láti gba ẹ̀mí là, kì í ju ọdún méjì lọ, tìẹ ti kú, tún un ṣe.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Mi ò mọ ti Amẹ́ríkà o, sójà ilé wa níbí lọkọ mi. Wọ́n rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Mòrókò, mo bá a lọ, ọdún méjì, mo ń bọ́mọ. Mo dé, kílíníkì kan ní Àjàṣẹ́ bi mí pé "madame, kí lẹ ti ń ṣe?" bí ẹni pé ẹ̀wọ̀n ni mo ti dé. Oṣù mẹ́ta, ìdajì owó, wọ́n ní wọ́n fẹ́ dán mi wò ná ni. Inú bí mi, mo kúrò. Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo padà sí, mo bá májọ̀, ọ̀gá nọ́ọ̀sì sẹ́ńtà ìlera abúlé wa, sọ̀rọ̀ pé kó jẹ́ kí n máa wá ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà ìbà ni, ọmọdé kún ilẹ̀. Ọjọ́ kìíní ọwọ́ mi ń gbọ̀n, iṣan ọmọ kan bayìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gún un kí omi tó wọlé, mo fẹ́ sunkún. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, àfi bí ẹni pé mi ò kúrò níbẹ̀ rí. Mo ń kọ gbogbo ohun tí mo ṣe sínú káyé, ìwé àkọsílẹ̀ mi, májọ̀ ń fọwọ́ sí i. Káyé yẹn ni mo gbé síwájú àwọn tó gbà mí lẹ́yìn náà. Ìyá ìbejì, oṣù kan lẹ ní ní Kétu, ṣé ẹ máa jókòó máa jẹ iyán ni?

Tántì El Paso

Èyí dáa gan-an. Kọ ọ́ sínú CV bó ṣe jẹ́: Kétu, Benin, iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ohun tó o ṣe. Má sọ ọ́ di wákàtí iṣẹ́ RN Amẹ́ríkà o, wọ́n máa wádìí. Má sì fi Jámánì pa mọ́, kọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ ọkọ ló gbé ẹ lọ.

Ìyá Ìbejì Kétu

Tántì, ẹ kú iṣẹ́. Nursys: multistate ló wà níbẹ̀, mo fò sókè débi pé ìyá mi sáré jáde láti kíṣìnì. SF-50 ni ò sí lọ́wọ́ mi, mo pe ọkọ mi ní Kólórádò, ó ní inú páálí bàtà ló wà, páálí bàtà náà sì ń bọ̀ nínú ẹrù tó ṣì wà lórí omi. Mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì Jámánì pé kí wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, mi ò ní ṣàì jẹ iyán náà o. Àmọ́ mo ti rí májọ̀ ibí, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé, kí n mú bùlúùsù, aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tèmi dání torí tiwọn ò kárí.