Káyáàkì wúwo àbí fífúyẹ́: èwo lẹ ń gbé lọ sókun?

Etí Òkun: Ẹ kú ojúmọ́ o. Owó káyáàkì (ọkọ̀ tóóró tí èèyàn ń jókòó sínú ẹ̀ fi àjẹ̀ wà) onírọ́bà àti ti kábọ́ọ̀nù (carbon fibre) jìn síra wọn gan-an. Èyí tó gùn tó mítà 5.2, ti rọ́bà ń lọ sí kílò 28, ti fáíbà (fibreglass) 25, ti kábọ́ọ̀nù bíi 20. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wà á ní Wales àti Scotland, kí lẹ ti rí?

Alájẹ̀: Ẹ ṣírò ẹ̀. Èèyàn kílò 80, ẹrù àti omi mímu 20, ọkọ̀ 28: 128 ni. Ti kábọ́ọ̀nù á jẹ́ 120. Ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ló dín. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí kúrò lójú kan lẹ máa mọ̀ ọ́n lápá. Tó bá ti ń lọ, ó ń lọ náà nìyẹn.

Màmá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, orí omi kọ́ ni ìyà wà, etídò ni. Tí òkun bá fà sẹ́yìn, iyanrìn tẹ́ ẹ máa gbé e gbà kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ń dá gbé e sórí mọ́tò, ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì bo ẹ̀yìn mọ́tò, ẹ gbé imú ọkọ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá lọ gbé ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ tì í síwájú. Bíi ìdajì ìwúwo ẹ̀ ló máa wà lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan.

Òkúta Wẹ́wẹ́: Rọ́bà ni tèmi. Etíkun olókùúta máa ń bó gelcoat, ìyẹn ìbòrí líle tó ń dán lára ọkọ̀ fáíbà.

Alájẹ̀: Ó ń bó, àmọ́ ó ṣe é tún ṣe. Ẹ fi sáńdípépà ha ojú ibẹ̀ kọjá ibi tó là, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ lẹ aṣọ fáíbà lé e ní ìpele mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀. Oògùn tó ń mú polyester (àtè tẹ́ ẹ fi ń lẹ aṣọ náà) le, 1 sí 2 nínú 100 ni. Tó bá pọ̀ jù, á gbóná, á sì là. Rọ́bà ńkọ́? Gúlúù kì í dì mọ́ ọn, àfi kẹ́ ẹ fi iná yọ́ irú rọ́bà kan náà sí i.

Màmá Ìbejì: Oòrùn náà ń ba rọ́bà jẹ́. Ẹ fún okùn mọ́ ọn lórí kárìà lọ́sàn-án, abẹ́ ẹ̀ á tẹ̀ wọnú. Ibi tí ògiri inú ọkọ̀ wà ni kí kárìà ti gbé e. Ẹ sì tú okùn gbàrà tẹ́ ẹ bá dé.

Òkúta Wẹ́wẹ́: Tó bá tẹ̀, ẹ da omi gbígbóná sí i, kẹ́ ẹ fọwọ́ tì í jáde látinú. Ó ń padà.

Ọmọ Ọ̀sà: Atẹ́gùn ńkọ́? Èyí tó fúyẹ́ tí kò lẹ́rù nínú, ìjì á máa yí imú ẹ̀ kiri.

Alájẹ̀: Ẹ gbé àpò omi lítà 10 sẹ́yìn ìjókòó, nísàlẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ so ó kó má yí. Tí ìdí bá wúwo díẹ̀ ju imú lọ, kò ní máa kọjú sí atẹ́gùn ṣáá.

Òkúta Wẹ́wẹ́: Ṣé ẹ rí i? Ẹ ra èyí tó fúyẹ́ tán, ẹ tún ń bu omi sí i.

Màmá Ìbejì: Ẹ máa da omi yẹn nù kẹ́ ẹ tó gbé e! Rọ́bà yín, ta ló ń da tiẹ̀ nù?

Ọmọ Ọ̀sà: Ọkọ̀ igi àwọn Ìlàjẹ wúwo ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Inú omi ló ń sùn, ẹnikẹ́ni kì í gbé e kiri.

Etí Òkun: Orí àjà kẹta ni ilé wà níbí o.

Màmá Ìbejì: Ẹ lọ ra èyí tó fúyẹ́.

Alájẹ̀: Kí owó tó tán, ẹ ra àjẹ̀ tó dáa. Wákàtí mẹ́ta, ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 10,800 lẹ máa gbé e sókè. Tí àjẹ̀ bá fi gíráàmù 200 fúyẹ́ sí i, kílò 2,160 ni apá yín bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Òkúta Wẹ́wẹ́: Èyí ni mo fara mọ́.