Ọmọ Fẹlá kì í ṣe àwòrán Fẹlá: ìrírí èmi náà tí mo jẹ́ ọmọ olórin

Ẹnikẹ́ni tí bàbá rẹ̀ bá ti di gìtá mú rí, tí òun náà wá di í mú, á ti gbọ́ ìbéèrè yìí dáadáa: "Ṣé ìwọ náà á lè ṣe é bíi bàbá ẹ?" Bàbá mi kì í ṣe gbajúmọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Jùjú ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ tí wọ́n bá ń ṣílé tàbí tí wọ́n ń sìnkú lágbègbè wa nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹgbẹ́ tiwọn ni wọ́n sábà máa ń pè. Lẹ́yìn tí wọ́n kú ni mo kó ẹgbẹ́ tèmi jọ.

Níbi ìsìnkú kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, bàbá àgbàlagbà kan jó wá síwájú wa. Wọ́n ń lẹ owó mọ́ mi níwájú orí, wọ́n sì ń ki mí, àmọ́ oríkì bàbá mi ni wọ́n ń kì. Wọ́n ní kí n kọ èyí tí bàbá mi kọ fún àwọn lọ́jọ́ tí àwọn ń ṣílé. Mo mọ orin yẹn, mo kọ ọ́, wọ́n sì jó o títí òógùn fi bò wọ́n. Nígbà tí mo bọ́ sí orin tí èmi fúnra mi ṣe, wọ́n ká owó tó kù lọ́wọ́ wọn, wọ́n tì í bọ àpò agbádá, wọ́n lọ jókòó. Wọn ò bínú sí mi o, wọn ò sì bú mi. Orin bàbá mi ni wọ́n wá ná owó fún, wọ́n sì ti gbọ́ ọ tán.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Fẹ́mi Kútì, ọmọ Fẹlá olórin Afrobeat, fi máa ń ká mi lára. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ láàárín ẹbí wa, bàbá mi kékeré á ní, "Ó ń gbìyànjú, àmọ́ kò tó bàbá ẹ̀." Wọn ò tíì sọ ọ́ tán tí mo fi máa ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ dákun sà, ta ló bí Fẹlá?" Àwọn èèyàn ti gbàgbé pé ọmọ-ọmọ olórin ni Fẹlá náà. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti tó jẹ́ bàbá bàbá rẹ̀ kọ orin ìyìn lédè Yorùbá sínú àwo fún iléeṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922. Kò sẹ́ni tó bá Fẹlá jà pé kò kọrin bíi bàbá àgbà rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó ṣe tirẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ojú Fẹ́mi rí. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1962, nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ orin ní Trinity College of Music. Rẹ̀mílẹ́kún Taylor ni ìyá rẹ̀. Bàbá tó lọ kàwé orin lókè òkun yìí kò rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ orin kankan, kò sì jókòó tì í láti kọ́ ọ. Fẹ́mi ti sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn láìmọye ìgbà pé òun ló kọ́ ara òun. Ó gbé saxophone, ó ń wá ọ̀nà. Inú Egypt 80, ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, ló ti ń fun ún, níwájú àwọn tó ti mọ iṣẹ́ kí ó tó dé, níwájú èrò tó mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ẹni tó bá ti ṣi ohùn fun rí lójú agbo á mọ ohun tí mo ń sọ.

Lọ́dún 1984, ìjọba ológun mú Fẹlá ní pápákọ̀ òfuurufú ní Èkó nígbà tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n ní ó kó owó ilẹ̀ òkèèrè jáde, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Ó di ọdún 1986 kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, Fẹ́mi ló ń ṣíwájú ẹgbẹ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún! Bàbá wà lẹ́wọ̀n, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun, èrò sì ń dé wá gbọ́ Fẹlá, Fẹ́mi ni wọ́n ń bá lórí ìtàgé.

Lẹ́yìn tí Fẹlá jáde, Fẹ́mi kúrò nínú ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀. Òun àti Délé Sosimi tó ń tẹ dùùrù dá ẹgbẹ́ tiwọn, Positive Force, sílẹ̀ lọ́dún 1986. Ọ̀rọ̀ yẹn dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá àtọmọ fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó parí rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni Fẹ́mi ti di olórin. Ká ní ó dúró ni, orin Fẹlá ni wọn ì bá máa ní kó kọ títí dòní. Orin tirẹ̀ yára, ó sì kúrú. Ó máa ń sọ tẹnu rẹ̀ kíákíá, ó sì ń kọjá lọ, nígbà tí ti bàbá rẹ̀ lè gba odindi ojú àwo kan kí Fẹlá tó la ẹnu kọrin.

Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ràn láti máa lọ sí New Afrika Shrine, ilé orin kan ní Agídìngbì n'Íkẹjà, èyí tí Fẹ́mi àti Yẹni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn ikú bàbá wọn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2000. Ọjọ́ ìdánrawò ni Ọjọ́bọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ̀gbẹ́ àwọn afunfèrè ni mo máa ń dúró sí. Ẹ óò rí i tí Fẹ́mi á kúrò nídìí dùùrù, á gbé saxophone, á wá di ohùn kan ṣoṣo mú láìgbé e sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ó ti kó afẹ́fẹ́ sí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń tì í jáde sínú fèrè, imú sì ń fa tuntun wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣan ọrùn rẹ̀ á le, òógùn á máa kán, ohùn yẹn ò ní já. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn mi á máa hó, àwọn mìíràn á gbé fóònù sókè. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jogún. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ẹ̀mí kọ́ ọ, bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ètè á sọ fún yín.

Ṣeun àbúrò rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn, mo sì fẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún ìyẹn náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí Fẹlá kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, òun ló sì bọ́ síwájú Egypt 80. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè bí i lọ́mọ. Bàbá Ani tó ń fun saxophone ti wà pẹ̀lú Fẹlá kí wọ́n tó bí Ṣeun rárá. Ó pa ẹgbẹ́ náà mọ́. Àwo rẹ̀ ti ọdún 2018 wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún àmì-ẹ̀yẹ orin Grammy.

Ohun tí Fẹlá kò ṣe fún Fẹ́mi ni Fẹ́mi ṣe fún Mádé ọmọ rẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà kọ́ ọ dáadáa, Mádé sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí bàbá àgbà rẹ̀ lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní Trinity Laban báyìí. Kó tó dá dúró, ó ti ta gìtá béèsì, ó sì ti fun saxophone nínú ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jọ gbé àwo méjì jáde pọ̀ lọ́dún 2021, Mádé nìkan ló lo gbogbo ohun èlò orin tó wà nínú tirẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́. Bí ẹ bá ń wá Fẹlá nínú rẹ̀, ẹ óò rí i, ẹ óò sì pàdánù ọ̀pọ̀ ohun tó jẹ́ ti ọmọ yẹn fúnra rẹ̀.

Mo ṣì ń lọ sóde àríyá. Mo máa ń kọ́kọ́ kọ orin bàbá mi kan fún àwọn àgbà, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn, kí n tó kọ tèmi. Bàbá mi kékeré ò tíì yí ọ̀rọ̀ wọn padà lórí Fẹ́mi.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ máa ń lọ sí Shrine àtijọ́ ní Pepple Street, n'Íkẹjà, nígbà tí Fẹlá wà lẹ́wọ̀n, ẹ dákun, ẹ bá wa sọ ọ́. Báwo ni ọmọ ọdún méjìlélógún yẹn ṣe ń darí àwọn àgbà afunfèrè? Orin wo ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣé èrò sì ń dúró dé ìdájí?