Ta ló ni ọ̀rọ̀ tí a kọ sábẹ́ ọjà? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ rífíù ni mo gbé wá, ìyẹn ohun tí oníbàárà máa ń kọ nípa ọjà tó rà tàbí ibi tó ti náwó, tòun ti ìràwọ̀ tí a máa ń tẹ̀ sí i. Mo fẹ́ ká jọ sọ ọ́: bí a bá ti kọ ọ́ tán, ta ló ni ín?

Oníléèsì kan ní Gutter Lane, lọ́nà Balógun, ló kó mi sí ìrònú yìí. Orí Instagram ni mo ti rí ọjà rẹ̀, léèsì aláwọ̀ wáìnì tí a fẹ́ fi ṣe aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò mi. Bí télọ̀ ṣe gbé áyọ́ọ̀nù lé e báyìí, àwọn òkúta orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í re bọ́ sílẹ̀. Omi díẹ̀ kán sí i, àwọ̀ náà sì wọ inú láínì funfun tó wà lábẹ́. Mo ránṣẹ́ sí ìyá ọlọ́jà, ó ní ọjà tí a bá ti gé kì í padà. Mo wá lọ sábẹ́ fọ́tò léèsì yẹn gan-an, mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, n kò bú ẹnikẹ́ni.

Mo ń rí ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wò ó lórí fóònù tirẹ̀, kò rí nǹkan kan. A jókòó ti ara wa lórí àga kan náà, a gbé fóònù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọ̀rọ̀ mi wà lórí tèmi, kò sí lórí tirẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló là wá lọ́yẹ̀. Láti 2019 ni Instagram ti ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Restrict. Bí ọlọ́jà bá tẹ̀ ẹ́ sí ẹ lórúkọ, ìwọ á máa rí ohun tí o kọ sábẹ́ ọjà rẹ̀, àwọn yòókù ò ní rí i àfi bí òun bá fọwọ́ sí i. Inú bí mi gidi gan-an. Bó bá pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́, màá mọ̀ pé ó pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n kó fi mí sílẹ̀ kí n máa rò pé mò ń kìlọ̀ fún àwọn èèyàn nígbà tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi, ìyẹn burú.

Mo gba orí Google Maps lọ, torí pé ṣọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀. Oníṣọ́ọ̀bù ò lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ohun tí a kọ síbẹ̀. Ó lè fèsì, ó sì lè fẹjọ́ sun Google pé ọ̀rọ̀ náà tàpá sí òfin wọn, àmọ́ Google ló máa dá ẹjọ́ náà. Mo fi fọ́tò láínì tó ti pọ́n àti òkúta tó kún àtẹ́lẹwọ́ mi sí i. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó fara balẹ̀ ka àdéhùn tí gbogbo wa máa ń tẹ "mo gbà" sí. Google sọ pé tìrẹ ni ohun tí o kọ, kò kúrò ní tìrẹ. Àmọ́ o ti fún wọn láṣẹ láti tọ́jú rẹ̀, láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n sì pín in káàkiri ayé láìsan kọ́bọ̀ fún ẹ. Ti Amazon tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: àṣẹ tí o fún wọn lórí rífíù rẹ kò lópin, o ò lè gbà á padà, wọ́n sì lè fún ẹlòmíràn ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo ni ọ̀rọ̀, àwọn ló ni ògiri tí o kọ ọ́ sí.

Èyí tó dùn mí jù kì í tiẹ̀ ṣe ti léèsì. Mo kọ nípa gbọ̀ngàn tí a ti ṣe ìgbéyàwó náà ní Ìkẹjà. Mo ní: "Gbọ̀ngàn náà tutù, àwọn òṣìṣẹ́ wọn yá mọ́ni, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ wọn kú nígbà tí ìyàwó ń jó wọlé, a sì wà nínú òkùnkùn títí ooru fi lé àwọn àgbà jáde." Nígbà tó yá, ẹnì kan fi ìwé ìpolówó wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, àwòrán mi ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mi sì parí síbi "yá mọ́ni." Wọ́n fi àmì ìdánudúró sí i, wọ́n gé jẹnẹrétọ̀ dànù. Ẹni tó bá mọ̀ mí, tó sì gba owó lọ́wọ́ ẹbí láti lọ san fún gbọ̀ngàn yẹn, á ní èmi ni mo jẹ́rìí sí i.

Òfin Copyright wa ti 2022, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo ohun tí èèyàn bá fi làákàyè ara rẹ̀ kọ, kò dìgbà tó bá lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ó tún fún ẹni tó kọ ọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti yarí bí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́nà tó lè bà á lórúkọ jẹ́. Àṣẹ tí mo fún Google, Google ni mo fún, n kò fún onígbọ̀ngàn. Mo pè wọ́n. Mánéjà ní, "Ṣebí ọ̀rọ̀ rere lẹ sọ, mà, kí ló wá dùn yín?" Mo ní kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ síta tòun ti òkùnkùn rẹ̀, tàbí kí wọ́n yọ orúkọ mi. Wọ́n yọ ọ́.

Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Ọmọ Yábàá:

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Shortlet ni tèmi, ìyẹn ilé tí wọ́n ń háyà fúnni fún ọjọ́ díẹ̀, ní apá Sábó. Lára òfin ilé tí mo fọwọ́ sí kí n tó gba kọ́kọ́rọ́, lẹ́yìn "ẹ má mu sìgá", wọ́n kọ ọ́ pé àlejò ò gbọdọ̀ sọ ohun tí kò dáa nípa ilé náà níbikíbi, àti pé ohunkóhun tí àlejò bá kọ di ti onílé. Omi ò yọ níbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé omi ò yọ. Ẹ̀jẹ́ǹtì ní bí n kò bá yọ ọ́, kí n gbàgbé owó kọ́ṣọ̀n mi, ìyẹn owó ìdúró tí wọ́n máa ń dá padà.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Dókítà eyín kan ní New York mú kí aláìsàn fọwọ́ síwèé pé kò ní kọ nǹkan kan nípa òun, bó bá sì kọ ọ́, dókítà ló ni ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin náà kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀, dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé owó ránṣẹ́ sí i, ọgọ́rùn-ún dọ́là lójúmọ́. Ní 2015, adájọ́ dá aláìsàn láre. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 2016, wọ́n ṣe òfin pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú àdéhùn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, yálà èyí tó ní kí oníbàárà dákẹ́ ni o, tàbí èyí tó ní rífíù rẹ̀ di ti olówò.

Òfin tiwọn nìyẹn, kò dé Yábàá. Àmọ́ òfin ti 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ò fàyè gba àdéhùn tó ń rẹ́ oníbàárà jẹ. Mo kọ lẹ́tà sí onílé, mo tọ́ka sí òfin náà, mo ní FCCPC ló kàn. Owó mi wọlé kí n tó débẹ̀. N kò yọ lẹ́tà kan nínú ohun tí mo kọ.

Onídìrí Ṣúrùlérè:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ káwa tí a ń tajà náà sọ tiwa. Ọmọbìnrin kan bínú kúrò lọ́dọ̀ mi. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé lọ́dọ̀ àwọn tí n kò fọwọ́ kan orí wọn rí. Ọ̀kan ní rìláṣà mi jó òun lórí. Irun dídì nìkan là ń ṣe! Kò sí rìláṣà nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fẹjọ́ sun Google, wọ́n fèsì pé ọ̀rọ̀ náà ò tàpá sí òfin àwọn. Wọn ò bi mí léèrè ohunkóhun.

Ìyá Ìbejì, ẹ ní ìwọ lo ni ọ̀rọ̀. Ó dáa. Orúkọ mi tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́, ta ló ni ín? Wọ́n ní láti oṣù Kẹwàá 2024 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fi òfin de rífíù irọ́, àti rírà á, àti fífi ìhàlẹ̀ lé èèyàn kó lè yọ tirẹ̀. Àmọ́ Amẹ́ríkà nìyẹn; ohun tó wà lọ́wọ́ èmi níbí ni kí n fèsì, mo sì fèsì sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: "A kì í ṣe rìláṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ wá." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àwọn oníbàárà tuntun ń kà á, wọ́n sì ń wá, àmọ́ ó ká mi lára.

Alájẹ Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta:

Tèmi ò gùn. Àpù tí mo fi ń ra oúnjẹ kógbá wọlé ní ìparí 2023, gbogbo ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ bá a lọ: ibi tí ọ̀fadà ti ń wá nínú ewé gidi, àwọn tí àmàlà wọn máa ń ní kókó. Ọdún yẹn náà ni obìnrin kan kọ ọ́ sórí Facebook pé ṣúgà pọ̀ jù nínú tòmátò inú agolo kan. Ọlọ́pàá mú un ní Èkó, wọ́n gbé e lọ sí Abuja, wọ́n fi Òfin Cybercrimes ti 2015, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kàn án. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí láti kọ nǹkan.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú:

Alájẹ, ibi tó ti ń ká mi lára gan-an lẹ fọwọ́ kàn yẹn. Láti 1996 ni òfin Amẹ́ríkà, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ yìí wà, ti sọ pé ohun tí oníbàárà kọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ tó gbé e jáde. Tí èrè bá wà lórí ohun tí mo kọ, wọ́n ní ìpín níbẹ̀; tí ọlọ́pàá bá dé, tèmi nìkan ni. N kò rò pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lè yọ ọ̀rọ̀ mi nígbà tó wù ú, ó yẹ kó sọ ìdí tó fi yọ ọ́ fún mi, ó sì yẹ kó bi onídìrí léèrè kó tó ní irọ́ wọn ò tàpá sí òfin. Ẹ̀gbọ́n onídìrí, òótọ́ lẹ sọ nípa orúkọ yín.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù pa yín lẹ́nu mọ́. Ohun tí ojú yín rí ni kẹ́ ẹ kọ: ọjọ́, iye owó, ohun tó bàjẹ́. Ẹ má kọ "olè ni". Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ẹni tó bá ń lo Google, ẹ lọ sí Takeout wọn, ibi tí èèyàn ti ń gba ẹ̀dà ohun tó kọ, ẹ mú "Maps (your places)", ẹ ó rí gbogbo rífíù yín gbà sórí fóònù. Èyí tó bá wà lórí Instagram tàbí nínú àpù, skírínṣọ́ọ̀tì ni, ẹ sì ní kí ẹlòmíràn fi fóònù tirẹ̀ wò ó bóyá ó hàn.